Yàrá Ìta Méjèèjì

Leeds,
9 Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ooru ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ dé oko? Èmi àti Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀tùn tí a jọ ń gbé, wà dáadáa. Ó ní kí n bá òun kí yín, pé òun kò tíì gbàgbé gààrí tí ẹ fi rán wa. Òtútù ibí kò tíì fi wá sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀ lé ara wọn lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, àwọn ìyá arúgbó ibẹ̀ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ ti sọ pé ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, láti ọjọ́ tí mo ti fi ohùn yín síta tí Abíọ́dún gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa àwọn ará Ọ̀tùn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, tí mo sì yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́.

Bàbá, ọ̀rọ̀ àwọn yàrá ìta méjèèjì ni. Ṣé ẹ rántí Sunday tí a jọ lọ sí ilé-ìwé? Ó ti di èjẹ́ǹtì ilé ní Ìkọ̀lé báyìí. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá yàrá kiri, wọn kò rí, pé ilé wa kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Bí a bá tún yàrá ìta méjèèjì ṣe, tí a fi balùwẹ̀ àti ibi ìdáná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò máa wọlé lọ́dún á tó yín jẹ, á tún ṣẹ́ kù. Nígbà náà, n kò ní máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù mọ́, n ó lè máa tọ́jú rẹ̀ láti fi ra ilé kékeré kan níbí. Ilé ibí ń sá fún wa ni, bàbá. Bí a bá ti ń kó owó jọ ni iye rẹ̀ ń gòkè, àwọn tó ti ní ilé tẹ́lẹ̀ ló sì tún ń rà á. Onílé wa, Ọ̀gbẹ́ni Walker, ní ilé méje ládùúgbò yìí, kò sì gbé nínú ọ̀kankan. Ìdajì owó oṣù mi ló ń gbà fún yàrá tí mo lè fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì láì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni Bàbá Sàmíát télọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wà nínú àwọn yàrá yẹn, kí wọ́n tó bí mi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń san kò tó nǹkan kan mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá ibòmíràn kí oṣù karùn-ún tó parí. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá Sàmíát.

Ọmọ yín,
Ìdùnnú.


Ìkọ̀lé-Èkìtì,
2 Oṣù Kẹta, 2025.

Ìdùnnú, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìbọ̀sẹ̀ rẹ méjèèjì. Sọ fún Abíọ́dún pé ohun tí mo sọ nípa àwọn ará Ọ̀tùn, mo ṣì dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ka òun mọ́ wọn. Orúnkún mi ti dáa. Ooru mú débi pé àwọn ewúrẹ́ ti kó wá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ pé ilé ènìyàn ni.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni Sunday sọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe wolé-wolé, kò sí ilé tí n kò wọ̀ ní ìlú yìí láti wo ìkòkò omi àti ṣáláńgá wọn, n kò sì rí ìgbà tí ilé wọ́n báyìí. Nígbà tí ìjọba gbé yunifásítì wá, a jó, a yọ̀, ó sì yẹ ká yọ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó bèèrè ibi tí àwọn ọmọ náà máa sùn. Wọ́n wá ń sùn sínú yàrá tíṣà. Tíṣà ti kó lọ sí Ìpáò, àárọ̀ kùtùkùtù ló ń gun ọ̀kadà wá kọ́ ọmọ ní Ìkọ̀lé, tó bá dé kíláàsì, oorun ló ń bá a jà. N kò mọ ibi tí àwọn ará Ìpáò náà máa sún sí. Ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tiẹ̀ kọ́ nígbà kan, mo mọ àwọn tí wọ́n pín in fún, kò sí ẹni tí kò ní ilé tẹ́lẹ̀ nínú wọn.

Mo lọ bá Bàṣírù, Bàbá Sàmíát rẹ, gẹ́gẹ́ bí o ṣe rán mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu dáadáa. Bí mo ṣe wọlé, téèpù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń wọn èjìká mi. Ó ní àǹkárá kan ṣẹ́ kù sí òun lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ á bá mi mu. Ó ṣòro kí ènìyàn sọ fún ẹni tó ń wọn ọrùn òun pé kó jáde nílé. Ó ní kí n gbé apá sókè, mo gbé e sókè.

Dàńṣíkí náà bá mi mu gan-an. N ó tún lọ.

Bàbá rẹ,
Ògúndàmọ́lá.


Leeds,
16 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú aṣọ tuntun. Á pẹ́ lára yín, á sì gbó lórí ayọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ni mo rán yín.

Ẹ má rò pé ojúkòkòrò ló ń ṣe mí. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò sì lè kan ìṣó sára ògiri láìjẹ́ pé mo kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Walker. Mo fẹ́ ibi tí n ó ti lè kan ìṣó. Sunday ní bí a kò bá tètè ṣe é, àwọn ẹlòmíràn á kọ́ tiwọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì lọ síbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ tún lọ bá Bàbá Sàmíát. Bó bá mú téèpù, ẹ má gbé apá sókè.

Ìdùnnú.


Leeds,
27 Oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, bí ẹ bá wà nílé. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kọ̀wé, n kò rí èsì. Mo pè yín, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ láti Ìdó, ẹ sì gé fóònù. Kí lẹ lọ ṣe ní Ìdó? Sunday ní òun rí yín ní Ọ̀yẹ́, níwájú ilé kan tí ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ wọ dàńṣíkí tuntun, ẹ ń nàka sí kànga, ẹ ń bá onílé jà.

Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ ta ilé wa ni? Àbí ẹ fẹ́ fẹ́yàwó, ẹ wá ń wá ibi tí ẹ máa fi í sí? Abíọ́dún ní ìyàwó ni. Ó ti ń bèèrè àwọ̀ aṣọ tí a máa rà. Mo ti ní kó dẹ́kun ẹ̀rín, àmọ́ n kò rí oorun sùn dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Bàbá Sàmíát ni kò rọrùn fún yín láti sọ, ẹ sọ fún mi, kí n pè é fúnra mi.

Ìdùnnú.


Ìkọ̀lé-Èkìtì,
11 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrònú tí kò nídìí. N kò fẹ́yàwó. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, obìnrin wo ló tún máa gbà fún ọkùnrin tó ṣì ń yọjú wo ìkòkò omi aládùúgbò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀? Sọ fún Abíọ́dún kó fi owó aṣọ rẹ̀ pamọ́.

Ohun tó gbé mi dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó nìyí. Mo rò ó pé bí mo bá fẹ́ sọ fún ènìyàn pé kó jáde, ó yẹ kí n lè nawọ́ sí ibì kan fún un pé máa lọ síbẹ̀. Mo wá ń wá ilé kiri fún Bàṣírù láìjẹ́ kó mọ̀. Mo wọ dàńṣíkí tó rán fún mi kí wọ́n lè bọ̀wọ̀ fún mi.

Ojú mi rí nǹkan. Níbí ní Ìkọ̀lé, èjẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní kí n sanwó kí òun tó fi yàrá hàn mí. Mo ní kó tún un wí. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi, ìjọba ló ń sanwó fún mi kí n máa wo ilé onílé, bí mo bá sì wọlé, wọ́n á gbé àga fún mi. Èmi náà ni mo wá ń sanwó báyìí kí n lè wo ṣáláńgá ẹlòmíràn. Mo san án. Yàrá tó fi hàn mí kò ju ibi tí Bàṣírù ń to aṣọ sí lọ. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló ń gbé nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé wọ́n sì ń dúpẹ́.

Ní Ọ̀yẹ́, wọ́n bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Mo ní Ògún ni mò ń bọ, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni mò ń wá ilé fún. Ìyẹn da orí wọn rú. Wọ́n wá bi mí bóyá ẹni náà máa ń gún iyán, nítorí onílé kò fẹ́ ariwo odó. Mo ní ṣé Èkìtì kọ́ la wà ni? Níbẹ̀ ni Sunday ti rí mi. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn yọjú wo kànga wọn ni, mo rí ohun tí mo rí, mo sì ti ń fún wọn lọ́jọ́ méje kí wọ́n tún un ṣe kí n tó rántí pé mo ti fẹ̀yìn tì.

Ní Ìdó, owó ọdún méjì ni wọ́n ń gbà pa pọ̀. Bí o bá san ìyẹn tán, owó àgírímẹ́ǹtì wà níbẹ̀, owó èjẹ́ǹtì wà níbẹ̀, owó ohun tí o máa bà jẹ́ náà wà níbẹ̀, o kò sì tíì wọlé débi tí o máa ba nǹkan jẹ́. Ìpáò nìkan ni apá Bàṣírù lè ká. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé aṣọ láti Ìkọ̀lé lọ rán ní Ìpáò, nígbà tí télọ̀ wà ní gbogbo orígun? Bó bá kúrò lójú títì yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kú nìyẹn.

N kò tíì sọ fún un. Mo mọ̀ pé oṣù karùn-ún ti ń lọ. O ní o máa pè é fúnra rẹ. Jọ̀ọ́, má pè é. Má bínú sí mi.

Bàbá rẹ,
Ògúndàmọ́lá.


Leeds,
25 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko. N kò bínú. Ọ̀rọ̀ kànga yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì débi pé ẹni tó jókòó tì mí dìde. Abíọ́dún ní kí n sọ fún yín pé ní Ọ̀tùn, wọ́n ṣì ń gún iyán láìtọrọ àyè.

Àmọ́ n kò rẹ́rìn-ín lánàá. Ọ̀gbẹ́ni Walker fi ìwé ránṣẹ́ sí wa. Ó fẹ́ ta ilé. Ẹni tó fẹ́ rà á sì fẹ́ sọ ọ́ di ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A gbọ́dọ̀ jáde kí oṣù keje tó parí. A kò ṣe nǹkan kan fún un. A kò jẹ ẹ́ lówó ilé rí, èmi ni mo ń gé koríko iwájú ilé rẹ̀. Òfin ibí fún un láyè láti lé wa láìsọ ohun tí a ṣe. Wọ́n ní ìjọba ń ṣe òfin tuntun tí kò ní gba irú rẹ̀ láyè mọ́, ṣùgbọ́n àwa la máa kọ́kọ́ jáde kó tó dé.

A ti lọ wo yàrá méjì. Èkíní, àwọn tó wá wò ó tò dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ìkejì, wọ́n ní kí a mú ẹni tó ní ilé wá kó dúró fún wa, a kò sì mọ ẹni tó ní ilé níbí àyàfi Ọ̀gbẹ́ni Walker. Ẹ̀rù ń bà mí, bàbá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdùnnú.


Ìkọ̀lé-Èkìtì,
8 Oṣù Kẹfà, 2025.

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́. Má sunkún. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n a kì yóò jókòó ká máa wò ó. Lọ ra ọ̀dà pupa. Kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ògiri iwájú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Bí ọ̀dà bá ṣẹ́ kù, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo ni ilé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Níbí, ẹni tó bá rí i kì í bèèrè ẹni tó kọ ọ́, ó kàn máa ń gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ ni.

O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ fún ẹnì kan. Bàṣírù bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti ń ka lẹ́tà rẹ, ó bi mí ohun tó ṣe ojú mi. Mo sọ fún un pé onílé ti ní kí ọmọ wa jáde. N kò sọ ìyókù. Ó wọlé lọ.

Lánàá, ọjọ́ kejì Iléyá, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé itan àgbò mi wá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní bí mo bá jẹ ẹran yìí tán láìsọ ọ̀rọ̀ tí Ìdùnnú rán mi, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́. Mo wọ yàrá ìta àkọ́kọ́, yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Mo bá a lófìfo. Maṣíìnì méjèèjì, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àti gbogbo aṣọ oníbàárà, ó ti kó wọn sínú yàrá kejì, wọ́n há mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ìyá Sàmíát ń fọ ilẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. Bàṣírù ní yàrá rẹ ni, pé kí ọmọ máa bọ̀ wálé bí àwọn yẹn kò bá fẹ́ ẹ.

"Ẹ sọ fún un kó má da ọkàn rú, bàbá," ló wí. "Ulé wà."

Ó ti rán aṣọ fèrèsé sí i. Aláwọ̀ ewé ni, ó ní irú rẹ̀ lo fi ń rán aṣọ fún ọmọláńgidi rẹ nígbà tí o wà ní kékeré tí o máa ń jókòó sábẹ́ maṣíìnì òun.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí o rán mi ṣì wà lọ́rùn mi. N kò mọ bí n ó ṣe fi ẹnu sọ ọ́ fún un mọ́, bóyá ìwé ló máa rọrùn. N kò sì kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Jọ̀ọ́, ya èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Walker kọ sí yín, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. N ó dà á kọ. N ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, n ó fi tèmi sí i. N ó yọ tìrẹ, n ó fi ti Bàṣírù sí i.

Bàbá rẹ,
Ògúndàmọ́lá.


Leeds,
29 Oṣù Kẹfà, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó Iléyá, ẹ sì kú sùúrù pẹ̀lú mi. Ẹ máa wò ó pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Mo gbé ìwé Ọ̀gbẹ́ni Walker sórí tábìlì kí n yà á, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo kọ́kọ́ kà á lákàtúnkà, mo ń fi orúkọ Bàbá Sàmíát síbi tí tèmi wà. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní kí a kó gbogbo ẹrù wa, kí a má fi ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, n kò lè kà á mọ́.

Ẹ má kọ nǹkan kan fún un. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kó dá àwọn maṣíìnì rẹ̀ padà sí ipò wọn. Mo ti sọ fún Sunday pé yàrá yẹn ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Owó oṣooṣù yín á máa wá bó ṣe ń wá. Ilé tèmi á dé lọ́jọ́ tó bá máa dé, ojú sì ń tì mí gan-an, bàbá.

Ó yá, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀dà pupa yín ṣe. Abíọ́dún ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Ó fi máàkà pupa kọ ọ̀rọ̀ yín sára páálí, ní Yorùbá bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó gbé e sójú fèrèsé òkè. Eré ló pè é. Ọ̀gbẹ́ni Walker rí i, ó rò pé àdúrà ni, ó ní ó dára. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹni tó fẹ́ ra ilé wá wò ó fún ìgbà ìkẹyìn. Bó ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò tó gbójú sókè báyìí, ó dúró. Kò wọlé, kò padà. Abíọ́dún ṣí fèrèsé, ó kí i. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin náà, bàbá. Adébísí ló ń jẹ́, ọmọ Òsì-Èkìtì níbẹ̀ yẹn. Ó bi wá wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ẹjọ́ ẹbí mélòó ló wà lórí ilé yìí. Abíọ́dún kò purọ́ fún un.

"Bàbá àgbà kan ní Ìkọ̀lé ló ní ká kọ ọ́," ló wí.

Ọkùnrin náà mi orí bí ẹni pé ohun tí òun rò nìyẹn. Ó ní bàbá òun ra ilé tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sí lára rí ní Òsì, pé àwọn àti ẹbí onílé ṣì wà ní kóòtù títí di ìsinsìnyí. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Walker sáré wá bi wá ohun tí a ṣe fún un. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ló jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní títa ilé ti sú òun, kí a máa gbé ibẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ó fi díẹ̀ kún owó ilé o, ṣùgbọ́n ó buwọ́ lùwé. Ó sì ní mo lè kan ìṣó.

Mo ti kan ọ̀kan. Fọ́tò yín ni mo gbé kọ́ ọ.

Ọmọ yín,
Ìdùnnú.


Ìkọ̀lé-Èkìtì,
13 Oṣù Keje, 2025.

Ìdùnnú, Àwẹ̀ró, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Mo kí ọ, mo kí Abíọ́dún. Mo ti dárí ji gbogbo ará Ọ̀tùn nítorí rẹ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ fún Bàṣírù, mo fo ibi tó yẹ kí n fò, nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ Òsì yẹn ti wọ mọ́tò, ó ní kí n tún un kà. Iṣu tuntun ti ń yọjú, a gún un lọ́jọ́ náà, n kò sì bèèrè àyè lọ́wọ́ onílé kankan.

Ó kọ̀ láti dá àwọn maṣíìnì padà. Ó ní nígbà tí o bá wá kí wa lọ́dún Kérésì ńkọ́? A fa ọ̀rọ̀ náà títí, a wá gbà pé kí maṣíìnì padà, kí aṣọ fèrèsé wà níbẹ̀, kí bẹ́ẹ̀dì rẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tún wá fi nǹkan kún owó ilé láìjẹ́ pé mo bèèrè, ó ní gbogbo ìlú ti gbé e sókè, ojú ń ti òun. Mo gba ìdajì, mo dá ìdajì padà, ó bínú sí mi di ìrọ̀lẹ́. Bí o bá ṣì fẹ́ kọ́ nǹkan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yìnkùlé ṣófo, níbi tí àwọn ewúrẹ́ ń sùn. Àwọn ọmọ náà nílò ibi tí wọ́n máa gbé, n kò bá wọn jà. Ká máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bí agbára bá ṣe ń dé, kí owó rẹ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ tíṣà lè san, kí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ sì lè gún iyán. Èmi ni n ó wo ṣáláńgá rẹ̀ fúnra mi.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkùnrin olówó kan wá láti Adó, ó fẹ́ ra gbogbo ilé yìí pátá, kó wó o, kó kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì alájà méjì. Ó pe iye kan tó jẹ́ pé mo ní kó tún un pè, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ tà á, ó kàn wù mí láti gbọ́ ọ ni. Nígbà tó lọ tán, mo rántí ìmọ̀ràn tí mo gbà ọ́. Mo lọ ra ọ̀dà pupa.

Morákinyọ̀ tó ń kọ pátákó ní ojú títì ló wá bá mi kọ ọ́. Bàṣírù di àkàbà mú fún un. Ó kọ ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, ó tóbi débi pé o lè kà á láti orí ọ̀kadà. Ó wá bi mí ohun tí òun máa kọ sí ìsàlẹ̀, torí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹbí tó pàṣẹ síbẹ̀. Mo ní kó kọ ẹbí Ògúndàmọ́lá. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kọ LÁTI ỌWỌ́. Mo wo Bàṣírù nísàlẹ̀ àkàbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ọ̀dà ń kán sí fìlà rẹ̀. Mo ní kí Morákinyọ̀ dúró ná.

Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: LÁTI ỌWỌ́ ÀWỌN TÓ Ń GBÉ INÚ RẸ̀. Kí o tó bèèrè, ìwọ náà wà lára wọn. Bàṣírù ní òun kò ní fọ ọ̀dà yẹn kúrò lára fìlà òun.

Ulé wà.

Bàbá rẹ,
Ògúndàmọ́lá.